Àpótí Ìró Béèsì: Kíkàn Ni Tàbí Rírà?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin àwọn olórin àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ orin ṣe háyà: ṣé kí ènìyàn ra àpótí sípíkà tí yóò máa gbé ohùn gìtá béèsì jáde ni, tàbí kí ó tọ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ kí ó bá a kàn án? Àwọn tí ó fara mọ́ rírà ń sọ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ iṣẹ́ abẹ́ àtíbàbà. Àwọn tí ó fara mọ́ kíkàn ń dáhùn pé pákó ni pákó ń jẹ́, àti pé orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ara àpótí ni ó ń gbówó lé e. Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó béèrè iṣẹ́ tí àpótí náà ń ṣe gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwọn onímọ̀ èdè pẹ̀lú, nítorí pé àìsí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe gúnmọ́ wà lára ohun tí ó dá ìrújú náà sílẹ̀.

Sípíkà ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu aráyé. Òun ni wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ roboto tí ó ní òòfà, wáyà wíwé àti bébà tí a ṣe bí àrọ. Òun náà ni wọ́n tún fi ń pe ẹ̀rọ yìí àti àpótí rẹ̀ lápapọ̀. Nígbà tí orúkọ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ fún ohun méjì, kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa rò pé ọ̀kan kàn jẹ́ ẹ̀wù fún èkejì ni. Gbohùngbohùn, tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kò tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìró tí ń ta padà láti ara òkè tàbí ògiri ti ni orúkọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé sípíkà kò tó, nítorí pé ibùgbé lásán ni ilé. Kì í bá onílé ṣiṣẹ́.

Àpótí sípíkà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí bébà sípíkà bá sún síwájú, ó ń ti afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀, ó sì ń fa ti ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí kò bá sí ohun tí ó ya méjèèjì nípa, èyí tí a tì yóò lọ dí àlàfo èyí tí a fà, ìró ìsàlẹ̀ yóò sì pòórá. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ìró rẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ. Pátákó pẹlẹbẹ kan kò lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ dúró. Àpótí ni ó ń ṣe é. Bí a bá dí àpótí náà pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á di ohun tí ń ta bébà padà bí ìrọ̀rí rọ́bà. Ọgbọ́n yìí ni Edgar Villchur gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1954. Bí a bá sì dá ihò sí i, afẹ́fẹ́ inú ihò náà yóò máa gbọ̀n, yóò sì ran sípíkà lọ́wọ́. Ọdún 1932 ni Albert Thuras gba ìwé àṣẹ lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kejì yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti wo àgídìgbo dáadáa ti rí àpótí onígi tí ó ní ihò, tí ó ń gbé ìró ìsàlẹ̀ orin àpàlà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àpótí àgídìgbo kì í ṣe ara àgídìgbo.

Níbí ni àṣìṣe àwọn tí ń kàn án ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òde àpótí tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wọ̀n. Bí àpótí kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó ga ní 60, tí ó sì jìn ní 35, ìṣirò òde yóò sọ pé lítà 84 ni. Ṣùgbọ́n bí pákó rẹ̀ bá nípọn ní mìlímítà 18, lítà 64.5 péré ni àyè inú rẹ̀. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá sì lo pákó tí ó nípọn ní mìlímítà 24 kí ó lè lágbára, tí kò fi kún òde rẹ̀, àyè inú kò ní tó lítà 59. Ara sípíkà fúnra rẹ̀ àti igi tí a fi ti inú àpótí yóò tún gbà nínú ìyẹn.

Àṣìṣe kejì wà lára ihò. Ká ní lítà 60 ni àyè tí ó kù nínú àpótí kan, tí a sì dá ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí i. Bí ihò náà bá mọ sí ara pákó nìkan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n ní ohun tí ó ju ìgbà 60 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ki páìpù tí ó gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17 bọ inú rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 40. Lójú ẹni tí ó dúró lóde, ihò kan náà ni. Ṣùgbọ́n nínú àpótí tí kò ní páìpù, nígbà tí ohùn tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 41 bá dé, afẹ́fẹ́ kò ní lè di sípíkà mú mọ́. Bébà rẹ̀ yóò máa fò síwá sẹ́yìn kọjá ààlà, títí yóò fi bàjẹ́. Owó tí a rò pé a ti fi pamọ́ yóò wá di owó sípíkà tuntun.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ tí ó yẹ kò sí. Ní 1961, Neville Thiele ṣe ìwé jáde ní Australia lórí àpótí oníhò. Richard Small, ní Yunifásítì Sydney, sì fẹ iṣẹ́ náà lójú ní 1972 àti 1973. Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta pàtàkì ni a fi ń mọ àpótí tí ó bá sípíkà mu: iye ìgbà tí sípíkà náà máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí ó ti ń tètè dákẹ́ sí lẹ́yìn tí a bá ti ta á, àti iye lítà afẹ́fẹ́ tí ìtapadà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ohun tí ó so bébà rẹ̀ ró. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa tẹ ìwọ̀n wọ̀nyí jáde.

Nítorí náà, ẹni tí ó ra àpótí kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ti ṣe ni ó sanwó fún, ó sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó náwó. Ṣùgbọ́n kí òun náà má gbàgbé pé ọjọ́ tí sípíkà àkọ́kọ́ bá jó, tí ó sì fi èyíkéyìí tí ó rí lọ́jà rọ́pò rẹ̀, àpótí olówó ńlá náà ti di àpótí àfojúwọ̀n. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ kàn án, bí ìwọ̀n sípíkà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìdí tí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ìtòsí kò fi ní dọ́gba pẹ̀lú ti òkè òkun. Bí kò bá sí ìwọ̀n, kí ó lọ rà á. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kàn án.

Ìwọ̀n kò sì lè dé ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà láìsí ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e lọ. Ó yẹ kí sípíkà máa jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ olóòfà nìkan. Kí àpótí ìró jẹ́ orúkọ ohun tí a kàn fún un. Kí a máa sọ àyè inú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òde wọ̀n ọ́n. Kí páìpù inú ihò máa jẹ́ ọ̀nà ìmí, nítorí pé ibẹ̀ ni àpótí ti ń mí. Kí iye ìgbọ̀n sì jẹ́ iye ìgbà tí ohun kan ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí èyí tí ó ṣòro nínú wọn fún ọmọ ilé-ìwé tàbí ọmọ iṣẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nínú iṣẹ́ yìí, gbẹ́nugbẹ́nu ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó mú ayùn.