Òógùn Alágbàṣe Kì í Ṣe Àwìn

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń la pákó àti àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni mo mú wá.

Ní oṣù April 2025, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 dé pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ńsì 21 fún wákàtí kan, ìbáà ṣe òun nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ gbà síṣẹ́. Nàìjíríà gbé tiwa dé 70,000 náírà lóṣù ní July 2024. N kò ní kí a san owó Lọ́ńdọ̀nù. Oúnjẹ wọn wọ́n ju tiwa lọ. Ohun tó dùn mí ni pé òfin wa yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ìsọ̀ káfíńtà wo ló ní ènìyàn 25 nínú tiwa?

Ọ̀gá yóò ní epo dísù wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta dísù kì í dúró kí pákó tà kó tó gbowó. Èéṣe tí òógùn ọmọlọ́mọ yóò fi di àwìn?

Níbi tí òfin ìjọba kò dé, ti Ọlọ́run dé ibẹ̀. Ànọ́bì wa pàṣẹ kí a sanwó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a dá iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì san án kí a tó kírun Jímọ̀ọ̀. Ẹ̀yin Lẹ́mọ́mù, ẹ fi èyí ṣe wáàsí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ru gbèsè òógùn dé ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.