Ẹ̀tọ́ Ojú Ọ̀nà: Ta Ni Yóò Dín Eré Ọkọ̀ Kù Ní Àdúgbò Wa?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allah ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, bí ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ asáré bá gbá ọmọ ilé-kéwú, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe ni pé wọn a dáwó sìmẹ́ǹtì, wọn a sì mọ òkìtì bọ́m̀pù dábùú títì lóru. Ìbínú wọn tọ́, nítorí bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi gbá ènìyàn a di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ó tún kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ fi ìnira san ìnira. Òkìtì gàgàrà tí kò ní ọ̀dà, tí kò ní àmì, ìnira tuntun ni. Ọlọ́kadà tí kò mọ àdúgbò náà lè ṣubú níbẹ̀ lóru; ọkọ̀ tí ó gbé aboyún tí ń rọbí yóò gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn onímọ̀ fíkíhì sọ pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà gbogbo ènìyàn láìgba àṣẹ ni yóò dáhùn fún ẹni tí ó bá jìn sínú rẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ kòtò àti òkìtì?

Kí wá ni ṣíṣe? Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ṣíṣe àti títọ́jú òpópónà kún iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Èkínní, ẹ wádìí bóyá ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ ni ó ni títì náà.

Èkejì, ẹ pe ìpàdé onílé, ayálégbé, onísọ́ọ̀bù, ọlọ́kadà àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì aládùúgbò wa. Ọkọ̀ kì í béèrè ẹ̀sìn kí ó tó gbá ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní àsìkò tí ọmọdé ń lọ sí ilé-ìwé àti ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ ka ọkọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí ìjàǹbá gbogbo sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ìwé sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ àti ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ẹ fi àwòrán àti ìbuwọ́lùwé kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ óò mú padà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yan oògùn àrùn náà. Ibì kan nílò bọ́m̀pù, ibòmíràn nílò pátákó àmì tàbí ìlà funfun fún ẹlẹ́sẹ̀. Bọ́m̀pù tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, gíga rẹ̀ kò sì ju ínṣì 4 lọ. Ó ń dín eré kù láìba ọkọ̀ jẹ́. Ṣé irú rẹ̀ ni a ń mọ lóru?

Àwọn kan yóò ní ìjọba kò ní dáhùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ní òǹtẹ̀, tí ó dé kí wọ́n tó ṣe ètò ìṣúná ọdún tuntun, tí a sì ń tọ̀ lẹ́yìn lóṣooṣù, ó ṣòro láti sẹ́.

Kí a tó kọ ìwé náà, kí a wo ara wa. Ta ni ó ń gbé ọkọ̀ dí títì ní ọjọ́ Jímọ̀? Ta ni ó ń sá eré àsápajúdé kí ó lè bá rákà àkọ́kọ́, nígbà tí Ànábì wa pàṣẹ pé kí a fi ìfarabalẹ̀ lọ síbi ìrun? Ẹni tí ó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà, kí òun náà fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí ń mú ìnira kúrò. Àmín.