Owó Ìjánu Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Sọ́tọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo,

Kò sí ẹlẹ́ṣin tí orí rẹ̀ pé tí yóò gun ẹṣin tí kò ní ìjánu lẹ́nu. Bí ẹṣin náà tilẹ̀ lè sáré bí ẹ̀fúùfù, bí kò bá ti sí ohun tí a lè fi dá a dúró, ewu ni fún ẹni tí ó gùn ún àti fún ẹni tí ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa fi ń kó kòkó, gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu lọ sí ọjà. Ìjánu tirẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń pè ní bíréèkì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé pélébé yìí kò ju ọ̀kan lọ: owó ìtọ́jú ìjánu kì í ṣe owó tí à ń wá kiri lẹ́yìn tí a bá ti pín èrè tán. Òun ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín kọ́bọ̀ kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ọkọ̀ wa ṣì ń dúró bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀, kí ni a tún ń náwó sí?" Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ń tan ni jẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìjánu ti ń ṣiṣẹ́, kí a lè mọ ibi tí ẹ̀tàn náà wà.

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró tí ó wà nínú páìpù tín-ín-rín ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí à ń lò, títí kan púpọ̀ nínú àwọn Toyota Hilux, páàdì méjì ni ó ń fún irin pẹlẹbẹ tí à ń pè ní dísìkì mọ́ àárín ní ẹsẹ̀ iwájú. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, láínìn ni ó ń fẹ̀ jáde láti ha inú dúrọ́ọ̀mù. Híha ara yìí ni ó ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń sọ eré ọkọ̀ di ooru. Ẹni tí ó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ kíkankíkan ní òwúrọ̀ ọyẹ́ mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí ọkọ̀ bá dúró, díẹ̀ ti jẹ lára páàdì àti láínìn. A ṣe wọ́n kí wọ́n lè máa jẹ ni. Kò sí èyí tí kì í tán.

Ẹrù àti eré ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ ìjánu yóò ti pọ̀ tó. Bí ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, iṣẹ́ ìjánu di ìlọ́po 2. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po 2, iṣẹ́ ìjánu di ìlọ́po 4. Láti dá ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan dúró, ooru tí ìjánu yóò gbà jẹ́ ìlọ́po 4 ti ọkọ̀ kan náà tí ń sá kìlómítà 40. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ni a sì ṣe láti gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1, tí ìwúwo awakọ̀ àti èrò wà nínú rẹ̀. Àpò kòkó 16 ni àwọn oníṣòwò ń kà sí tọ́ọ̀nù 1. Ẹgbẹ́ tí ó bá di àpò 25, tí ó tún jẹ́ kí èrò mẹ́fà jókòó sórí ẹrù, ti bẹ ìjánu ní iṣẹ́ tí a kò dá a fún.

Àṣà kan tún wà tí ó yẹ kí n dárúkọ. Kí ọkọ̀ lè gba ẹrù sí i, àwọn kan a máa fi sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ọ̀pá kékeré kan wà ní abẹ́ ẹ̀yìn tí ó ń wo bí ẹrù ti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó, kí ó lè mọ ìwọ̀n agbára ìjánu tí yóò jẹ́ kí ó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí sípíríǹgì tí ẹ fi kún un kò bá jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹlẹ̀ mọ́, ọ̀pá náà yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín agbára ìjánu ẹ̀yìn kù ní ọjọ́ tí ẹrù pọ̀ jù lọ. Ẹ rí i pé ohun tí a rò pé a fi ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ni a fi dè é lápá.

Ẹ padà wá sí ọ̀rọ̀ òróró. Òróró ìjánu a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá ní ilẹ̀ tí òjò pọ̀ sí bíi tiwa. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára gbọdọ̀ lè gba ooru tí ó tó ìwọ̀n 205 Sẹ́ńtígíréèdì kí ó tó hó nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 140 lọ. Ẹ wá mú ọ̀nà tí ó ti orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláàyè sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn òkè Ìdànrè tí kòkó pọ̀ sí. Awakọ̀ tí ó gbé ẹrù wúwo, tí ó sì fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, lè mú kí òróró tí ó ti gbó hó. Òróró kò ṣeé fún mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oru tí ó jáde nínú rẹ̀ ṣeé fún mọ́lẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kanlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí kan náà ni ó dúró dáadáa ní iwájú ilé akápò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà! Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ òkè ni ọjà sábà máa ń wà, àwọn ìyá wa sì ti tẹ́ ata àti ẹ̀fọ́ sí etí ọ̀nà.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí owó rẹ̀ sì fò sókè, ìdánwò ńlá ni fún awakọ̀ láti pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Ẹ kìlọ̀ fún un. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ ìjánu. Bí ó bá ti kú, lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì, bíréèkì yóò le bí òkúta. Jíà kékeré ni kí ó fi sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ta ni ó wá ni ẹ̀bi bí ìjánu bá já wa kulẹ̀? Awakọ̀ ni a sábà máa ń mú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ebi lè pa á kú, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti fún un lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ rí. Awakọ̀ a sọ fún akọ̀wé, akọ̀wé a sọ fún akápò, akápò a ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí a bá ta kòkó. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Nítorí náà, mo fi ìmọ̀ràn mẹ́rin yìí síwájú yín, kí ẹ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé yín.

Èkíní: ẹ yọ owó ìjánu nínú owó ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bí páàdì àti láínìn bá ń lo ọdún kan, tí ọkọ̀ sì ń rin ìrìn 100 lọ́dún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye owó wọn ni kí ẹ yọ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìsìnkú tàbí fún ọdún.

Èkejì: ẹ ní ìwé ìjánu. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí awakọ̀ kọ ohun tí ó rí sínú rẹ̀. Ǹjẹ́ òróró ń dín kù? Páàdì ti jẹ tàbí òróró ń jò ni. Ẹ má ṣe bù ú kún lásán. Ǹjẹ́ ọkọ̀ ń fà sí apá kan? Ǹjẹ́ ó ń han gooro? Ǹjẹ́ ìjánu ọwọ́ lè mú un dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Páàdì tí kò bá nípọn tó mílímítà 3 mọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún méjì méjì, kí a da òróró àtijọ́ nù, kí a rọ tuntun, kí a sì yọ gbogbo atẹ́gùn inú páìpù.

Ẹ̀kẹta: kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá mẹkáníìkì lọ ra ẹ̀yà tuntun, kí wọ́n sì gbé èyí tí ó ti jẹ wá sí ìpàdé kí gbogbo ojú rí i. Ẹ má ṣe ra páàdì tòkunbọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ti òsì pẹ̀lú, kí ọkọ̀ má baà fà sí apá kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ òróró ẹ́ńjìnnì sí ibi tí ti ìjánu wà. Yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù, nítorí asbestos lè wà nínú láínìn àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí wọ́n fi nù ún. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò láìsí ẹrù lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ: bí awakọ̀ bá wí pé, "Ìjánu yìí kò dára, n kò lọ," kí ó má sí alága tàbí akápò tí yóò lè fi agbára lé e jáde, kí a má sì yọ ọ́ níṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, a ti pa ojú ara wa dé.

Ẹ ó wí pé owó kò sí. Mo gbà pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n páàdì tí a kò pààrọ̀ lásìkò yóò jẹ dé irin, irin náà yóò sì jẹ dísìkì, dísìkì sì wọ́n ju páàdì lọ. Ẹ ó wí pé ẹ ń gbàdúrà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbàdúrà fún òjò kò ṣàì kọ ebè. Ẹ kọ ebè tiyín. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹ tó ka èrè, ẹ bi akápò léèrè pé: owó ìjánu dà?