Kí ẹ tó ra pọ́ǹpù ẹsáńsì tuntun

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo mú wá lónìí, àwọn mọ́tò kékeré àtijọ́ tí à ń lò láti Djaloukou dé Savalou àti Bantè: Peugeot 205, 206, Golf àti irú wọn. Tí ọ̀kan bá kú lójú ọ̀nà, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé, "Pọ́ǹpù ti bàjẹ́, ẹ mú owó wá." Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó pọ́ǹpù àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ibo ló wà ná? Mọ́tò tó ń lo karibúrétọ̀, bí ọ̀pọ̀ 205 àtijọ́, ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù rẹ̀ wà. Èyí tó ń lo ẹ̀njẹ́ksọ̀n, iná ló ń yí pọ́ǹpù rẹ̀, inú táńkì ló sì sábà máa ń wà. Tí ẹ bá gbé ìjókòó ẹ̀yìn 206 sókè, ẹ ó rí ọmọrí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ti àwọn mọ́tò mìíràn, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹrù ni, tàbí abẹ́ mọ́tò gan-an.

Ẹ ṣí kọ́ńtáàtì, ẹ má tíì sítáàtì. Pọ́ǹpù tó wà láàyè máa kùn bí oyin fún ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì. Tí ẹ ò bá gbọ́ ohun kan, ẹ yẹ fúsíbù wò, lẹ́yìn náà rèlé. 206 tún ní bọ́tìnnì kan níwájú, níbi ẹ́ńjìnnì, tó ń gé ẹsáńsì nígbà tí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Kòtò ńlá lè mú un fò sókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, kò gba owó kankan. Tí iná bá dé ẹnu pọ́ǹpù, tí kò sì yí, a jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́. Tí ó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí ẹsáńsì kò lágbára, ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ àti filítà.

Kí ló ń pa á? Ìdọ̀tí àti òùngbẹ. Kpayo tí à ń rà nínú ìgò àti bọ́nbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà lè ní eruku àti omi nínú. Mi ò bú àwọn tó ń tà á, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2023, owó kpayo ti gbówó lórí dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ wa sì ń ra lítà kan, lítà méjì. Táńkì kì í kún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹsáńsì tó yí pọ́ǹpù ká nínú táńkì ló ń mú un tutù. Nítorí náà, tí ẹ bá fi pọ́ǹpù tuntun sínú táńkì ẹlẹ́gbin, tí ẹ ò sì pààrọ̀ filítà, ẹ ó tún padà wá rà á.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti iná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, iná jó ibi ìkó-kpayo-sí kan ní Sèmè-Kraké, ènìyàn tó lé ní 30 ló kú. Ṣíṣí táńkì nínú gáráàjì kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí wọ́n yọ okùn bátìrì kúrò, kí wọ́n ṣe é ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí wọ́n má fi irin gbá òrùka ọmọrí rẹ̀. Kí a má sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ẹnu fa ẹsáńsì mọ́! Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú wa ní kíláàsì lánàá ni wọ́n. Ẹsáńsì tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tú u, ẹ san owó iṣẹ́ ojú rẹ̀ fún un, kódà bó bá jẹ́ fúsíbù lásán ló pààrọ̀. Tí a bá ń sanwó fún kìkì ẹni tó ta pọ́ǹpù fún wa, pọ́ǹpù ni wọ́n á máa tà. Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀.