Ẹ Yé Ṣe Alágbàṣe Ọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìwé kíkọ máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn máa kọ àpilẹ̀kọ fún àwọn ìkànnì ayélujára tó ń sanwó fún òǹkọ̀wé. Èsì mi kò ní kọ́lọ́fín nínú: kò yẹ. Kò yẹ fún ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé, kò sì yẹ fún ẹni tó kàn ń wá owó tí yóò fi jẹun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ti ibẹ̀ rí owó ilé san ní Agbowó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Àkókà. Kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n gbọ́ mi dópin.

N kò bá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó gba akọ̀ròyìn síṣẹ́ jà. N kò bá oníṣòwò tó pe òǹkọ̀wé, tí wọ́n jọ jókòó dúnàádúrà, jà. Àwọn alárinà ni mò ń bá wí: àwọn ìkànnì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà tàbí ní ìlú Ọba, tí wọ́n ń dà á sílẹ̀ kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa du ú, tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n òǹkọ̀wé, tí wọ́n sì ń yọ tiwọn kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ní kí ẹ wá kọ̀wé sórí ìkànnì àwọn, pé bí àwọn èèyàn bá ṣe ń kà á sí ni owó yín yóò ṣe máa pọ̀ sí.

Àbúrò mi kan tó ti jáde yunifásítì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fẹ́ àpilẹ̀kọ tó ní ọ̀rọ̀ 600, lórí bí wọ́n ṣe ń kó òjò dídì kúrò lórí òrùlé ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó fẹ́ kí orúkọ ìlú òun àti iṣẹ́ àtúnṣe òrùlé jọ hàn pọ̀ nígbà márùn-ún, kí ọ̀kan wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, kí iṣẹ́ sì dé láàárín wákàtí mẹ́fà. Ọmọ tí kò fojú kan òjò dídì rí láyé rẹ̀! Ó ṣí àpilẹ̀kọ mẹ́rin tí àwọn ẹlòmíì ti kọ, ó ń fa gbólóhùn yọ níhìn-ín, ó ń yí ọ̀rọ̀ padà lọ́hùn-ún, kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń jí ìwé kọ má baà mú un. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, oníbàárà ní kó tún un kọ, kò sì sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún un kọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò gba kọ́bọ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni yẹn ti mú iṣẹ́ náà lò níbòmíì.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe owó. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa òrùlé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan nígbà tó parí. Ará Ohio tí òjò dídì bá ń wó òrùlé rẹ̀ lọ kò lè rí ìmọ̀ràn gidi níbẹ̀. Google nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí ẹ̀rọ lè rí orúkọ ìlú àti orúkọ iṣẹ́ níbi tó ti ń wá wọn. Èèyàn kọ ọ́, kò sí èèyàn tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì ń ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni.

Ká wá dé orí owó, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń dúró sí. Ká ní sẹ́ńtì kan ni wọ́n ń san fún ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lóde. Ọ̀rọ̀ 600 yóò jẹ́ dọ́là mẹ́fà. Bí ìwádìí, kíkọ àti àtúnkọ bá gba wákàtí mẹ́ta, dọ́là méjì ni wákàtí kan. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà kí ẹ wò ó." Òótọ́ ni. Bí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, 3,000 náírà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà, èyí tí kò tó 500 náírà ní wákàtí kan bí a bá pín in.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò ka wákàtí tí èèyàn fi jókòó tí iṣẹ́ kankan kò jáde, tó ń ṣí ojú ìwé kan náà ní òru kí ẹlòmíì má baà ṣáájú rẹ̀ gbé e. Kò ka àtúnkọ tí wọn kì í sanwó fún. Kò ka èyí tí wọ́n kọ̀. Kò ka dátà, kò ka epo jẹnẹrétọ̀, epo tí owó rẹ̀ ti kọjá ìlọ́po méjì kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti dópin. Kò ka ohun tí ìkànnì yóò yọ, ohun tí àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ yóò yọ, àti iye tí owó gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí PayPal wọ Nàìjíríà ní 2014, ó gbà kí a máa fi owó ránṣẹ́ jáde, kò gbà kí a máa gba owó wọlé. Nítorí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ àti nítorí àwọn ìkànnì tí kì í gba ọmọ Nàìjíríà rárá, àwọn ọ̀dọ́ kan ń ra àkáǹtì lọ́wọ́ ará òkè òkun, wọ́n ń fi orúkọ olórúkọ ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ kan, ìkànnì á sì ti àkáǹtì náà pa pẹ̀lú owó inú rẹ̀. Ta ni wọ́n máa fẹjọ́ sùn?

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Lónìí, ó ti wọ ẹgbẹ̀rún. Dọ́là mẹ́fà yẹn kò kúrò ní dọ́là mẹ́fà. Náírà ló wó, a wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà bíi pé òun ló fi owó kún owó wa, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì, epo àti owó ilé ti fò sókè ní tiwọn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Demand Media tó ni ìkànnì eHow bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ẹ̀rọ ló ń ṣa àkòrí jáde láti inú ohun tí àwọn èèyàn ń wá lórí Google, òǹkọ̀wé a gbé ọ̀kan, a kọ ọ́, a gba nǹkan bíi dọ́là 15. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún aráàlú ní January 2011, iye tí wọ́n dá lé e ju bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là lọ, ó ju ti ilé-iṣẹ́ New York Times lọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ra ní dọ́là 15 ló gbé e débẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ kò sì ní ìpín nínú rẹ̀. Oṣù kan kò tíì pé tí Google fi yí bó ṣe ń to èsì ìwádìí padà, àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Panda, láti fi ti irú ìwé tí kò ní làákàyè bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Òwò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Yahoo ra Associated Content, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn, ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là ló ná an. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti tì í pa. Helium tó ń ṣe irú òwò kan náà pa dé lọ́dún yẹn kan náà. Examiner.com tẹ̀ lé wọn ní 2016. Àwọn olówó tà, wọ́n sì lọ. Òǹkọ̀wé tó ní kí òun máa rí nǹkan díẹ̀díẹ̀ láti ara àpilẹ̀kọ 300 tí òun ti kọ jókòó síbẹ̀.

Alágbàṣe tó bá ẹlòmíì gbin kòkó gba owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó lọ. Kòkó yẹn yóò máa so fún ọgbọ̀n ọdún, olóko ni yóò sì máa ká a. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn olóko, bí àdéhùn wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ tiyín lọ́wọ́ ni mo ń bi pé kí ló gbé yín lọ sóko olóko. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 sọ pé ẹni tó kọ ìwé ni ó kọ́kọ́ ni ín, ẹ̀tọ́ náà yóò sì wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Fágúnwà tó kọ ọ́ jáde láyé ní 1963. Bí a bá fi òfin yìí ṣírò rẹ̀, ẹ̀tọ́ orí ìwé náà kò ní tán títí ọdún 2033 yóò fi parí. Gbogbo èyí ni ẹ ń gbé sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tó ní ẹ gbà, tí ẹ kò ka ohun tó wà lókè rẹ̀. Ẹ gba dọ́là mẹ́fà, orúkọ yín kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì lè fi iṣẹ́ náà han ẹni tó bá béèrè ohun tí ẹ ti kọ rí.

Kó tó di ìsinsìnyí, èèyàn ṣì lè jiyàn pé iṣẹ́ náà wà, pé kò ní tán. Ṣùgbọ́n ní November 2022, OpenAI gbé ẹ̀rọ ChatGPT jáde. Àpilẹ̀kọ òrùlé Ohio yẹn, ẹ̀rọ ń kọ irú rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná, láìgba owó. Èyí tó tún burú jù ni pé oníbàárà ń fura sí àwọn tó ṣì ń fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fún àwọn ẹ̀rọ tó ń mú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe iye tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ gbé ọmọ Yorùbá tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fún ará Amẹ́ríkà síwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò kọ iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì tún pè é ní olè.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù. N kò wàásù. Ibi tí owó wà ni mò ń tọ́ka sí. Ẹ lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, kí ẹ wo àwọn ìwé ètò ìsìnkú tó ń jáde níbẹ̀: bébà dídán, àwòrán aláwọ̀ mèremère, owó ńlá. Ẹ wá ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, iye ọmọ, ó parí. Màmá tó fi aṣọ òkè títà tọ́ ọmọ méje yanjú, kò sí gbólóhùn kan tí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kà tí yóò sọ pé òun nìyí. Ìdílé tó ń ná owó lórí aṣọ ẹbí àti màlúù yóò sanwó fún ẹni tó bá lè jókòó ti àwọn àgbà ilé fún ọjọ́ méjì, tó mọ oríkì, tó lè kọ ìtàn náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kó dùn ún kà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àjọ̀dún ìlú, ìtàn ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìpolówó rédíò. Oníbàárà wà ní òpópónà yín, ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí kò bá sanwó, ẹ sì lè ní kí orúkọ yín wà lẹ́yìn ìwé náà.

Bí ayélujára ló bá wù yín, ẹ kọ ohun tó jẹ́ tiyín síbẹ̀. I. B. Thomas kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá ní Yorùbá, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó tó jẹ́ ìwé ìròyìn tirẹ̀, láti 1929 wọ 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni. Ó kó o jọ di ìwé ní 1930, ní 2012 sì ni Karin Barber tún tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan á ní ìkànnì tiwa náà máa ń kú, pé OkadaBooks pa dé ní 2023. Ó pa dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ ló ni ìwé wọn, wọ́n sì lè gbé e lọ síbòmíì. Ìyàtọ̀ tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn alárinà yìí, ẹ má gba iṣẹ́ tuntun mọ́. Ẹ parí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí àdéhùn ni àdéhùn. Ẹ gba gbogbo owó yín tó kù lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì pa àkáǹtì náà rẹ́.