Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rọra Ta Gìtá

Bí ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ gìtá kan tó ń dún bí ẹni tí oorun ń kùn. Ohùn kan yóò dún, yóò pẹ́ díẹ̀, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń ta á. Àwọn aládùúgbò ti bi mí títí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún màmá mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kò lò ju oṣù kan lọ tó fi ń ta gìtá níwájú ìjọ, pé bóyá orí tèmi ni kò jí pépé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí. N kò ní fi bọpo bọyọ̀: kí ọmọ máa rọra ta gìtá kì í ṣe àmì pé ó gọ̀. Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àwa tí à ń kánjú, àti àwọn àgbà tó ń kán wa lójú, àwa la ń ba ọwọ́ jẹ́.

Èmi náà ti kánjú rí. Nígbà tí mo wà ní JSS3, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi ní gìtá kan tó ti lò. Kò tíì pé oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ tí olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan fi ní kí n bá wọn ta ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní béèsì, lọ́jọ́ ìkórè. Inú àwọn òbí mi dùn, wọ́n rán aṣọ tuntun fún mi. Mo ń wo fídíò lórí fóònù, mo ń sáré tẹ̀ lé ẹni tó ti ń ta gìtá kí wọ́n tó bí mi. Ọrùn ọwọ́ òsì mi ń dùn mí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjọ́ ìkórè pé, tí onílù gbé eré sí i, ìka mi kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Mo ta ohùn kan tí kò bá orin mu, mo tún ta òmíràn. Àwọn akọrin yíjú wò mí. Ọ̀gá akọrin fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí n dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, gìtá lọ́rùn mi, títí orin fi parí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ní kí a gbé gìtá náà lọ sọ́jà, ká fi owó rẹ̀ ra ìwé.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó bá ẹgbẹ́ jùjú ṣeré nígbà èwe rẹ̀, ló gba gìtá náà sílẹ̀. Ó wá bá bàbá mi pé, “Ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ kó máa wá sọ́dọ̀ mi.” Mo rò pé jùjú ni yóò kọ́ mi. Búlúùsì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú béèsì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè fi àṣìṣe pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Búlúùsì ni orin tí ìran àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí gúúsù Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òpin oko ẹrú níbẹ̀ ní 1865. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó ni ìpín méjìlá, kíkà mẹ́rin nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kíkà 48. Ilé mẹ́ta péré ni ohùn ìsàlẹ̀ ń yà sí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní E, a ó lo ìpín mẹ́rin níbẹ̀, a ó lọ sí A fún méjì, a ó padà sí E fún méjì. Lẹ́yìn náà, B gba ìpín kan, A gba ìpín kan, a ó sì fi méjì parí ní E. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ìka ń ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ wá wò. Àyè tó wà láàárín irin méjì lára ọrùn gìtá ni mo ń pè ní ojú. A ó kọ́kọ́ ta okùn tó nípọn jù lọ láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ìka òrùka yóò tẹ okùn yẹn kan náà ní ojú kẹrin. Ìfábẹ̀là yóò tẹ okùn tó tẹ̀ lé e ní ojú kejì, ìka òrùka yóò tẹ̀ ẹ́ ní ojú kẹrin, ọmọńdinrín yóò tẹ̀ ẹ́ ní ojú karùn-ún. Láti ibẹ̀, a ó máa padà bí a ṣe wá. Ohùn mẹ́jọ nìyẹn, ó kún ìpín méjì. Ọmọńdinrín yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ni kò lágbára nínú ìka. Bí a bá ń sáré, ìka òrùka yóò máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ọmọńdinrín yóò nà sókè bí ẹni ń tọ́ka sí òrùlé, nígbà tí a bá sì nílò rẹ̀, ó ti jìnnà. Àṣìṣe tó dójú tì mí lọ́jọ́ ìkórè kò ju èyí lọ.

Lórí fóònù Bàbá, ẹ̀rọ kan wà tó ń dún kó, kó, kó, láti máa ka àkókò. Bí ó bá ń dún ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìpín méjìlá náà yóò parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 24. Bí ó bá ń dún ní 60, yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 48. Bàbá ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní 50. Bí mo bá ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì, kí n fi 4 kún un. Bí mo bá ṣì, kí n padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí 50 nìkan. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: kí ìka má jìnnà sí okùn, kí n má tẹ okùn ju bó ṣe yẹ kó tó dún lọ, kí èjìká mi wálẹ̀, kí ohùn kọ̀ọ̀kan má kú kí èkejì tó dé. Ó máa ń sọ pé, “Orin tí o kò lè ta kí o máa dá ẹni tó kí ọ lóhùn, o kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Mo wá rí ìdí rẹ̀. Ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó tọ́ àti ohun tó ṣì. Ohun tí a bá fi ṣe lemọ́lemọ́ ló ń dì mú. Ẹni tó bá sáré ta orin ní ogún ìgbà, tó sì ṣì í ní ogún ìgbà, ó ti kọ́ àṣìṣe náà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra, etí ń ráyè gbọ́, ojú ń ráyè rí ìka tó fẹ́ ṣákọ, iṣan ọwọ́ sì ń ráyè dẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọrùn ọwọ́ mi kò dùn mí mọ́.

Kí ló dé tí èyí ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ní Ṣàgámù, ìlú olóbì? Ìyá bàbá mi ń ta gbànja. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, kí wọ́n tó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá kánjú dì í tòun ti omi, nígbà tó bá máa tú u, ó ti bu. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá mi àgbà ní olódo nítorí pé ó dúró kí obì gbẹ. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kí ló wá dé tí ọmọ tó ń dúró kí ìka rẹ̀ gbọ́n fi di ẹni tí orí rẹ̀ kò jí?

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn ni, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. N kò jiyàn pé ẹ̀bùn wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ebenezer Obey ti wà lábẹ́ Fatai Rolling Dollar kí ó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. King Sunny Adé ti wà nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá kí ó tó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n dúró lẹ́yìn ẹlòmíì kí wọ́n tó bọ́ síwájú. Nínú ìdílé Àyàn pàápàá, ọmọ kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù kékeré ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́, yóò máa lu ohun kan ṣoṣo títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Àwọn mìíràn á ní orin ayé ni búlúùsì, pé ti Amẹ́ríkà ni, kí ló kàn wá? Ta ló bí àwọn tó dá a sílẹ̀? Ẹni tó bá ti gbọ́ gìtá Ali Farka Touré, ará Mali tó kú ní 2006, kò ní pe búlúùsì ní àlejò ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gba irú ilé mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ọ̀nà láàárín ilé mẹ́ta náà, orin ìjọ kò ní ṣòro fún un.

Àwọn olùkọ́ á ní kò sí àkókò, WAEC ń bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni mò ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Ní kíláàsì, ta là ń pàtẹ́wọ́ fún? Ẹni tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, tó rí àṣìṣe, tó pa á rẹ́, òun là ń sọ fún pé kó yára. Bí a bá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà pé kí èsì ṣáà ti yá, báwo ni yóò ṣe kọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ìdáhùn tí wọ́n jí fún un ní yàrá ìdánwò? Magomágo ìdánwò kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú ìkánjú ni a ti ń tọ́ ọ dàgbà.

N kò sọ pé kí ọmọ máa fi ìrọra bojú fún ìmẹ́lẹ́ o. Ẹni tó ń rọra ta gìtá tí ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n, àkókò ló ń fi ṣòfò. Ìrọra tí mo ń sọ le ju eré lọ, nítorí kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí nínú rẹ̀. Eré náà yóò sì dé fúnra rẹ̀. Mo ti wà lórí 90 báyìí, ọmọńdinrín mi sì ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má rán aṣọ ìkórè kí ọmọ tó mọ orin. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olórí akọrin, ẹ fi orin kan ṣoṣo dán ọmọ wò kí ẹ tó gbé mẹ́wàá fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ yín wé àárín ìrìn àjò ẹlòmíì lórí fóònù.

Ìkórè ọdún yìí ń bọ̀. Ọ̀gá akọrin ti ránṣẹ́ sí mi. Mo sọ fún wọn pé orin méjì ni mo lè bá wọn ta, pé mo mọ méjèèjì dáadáa. Wọn kò tíì fún mi lésì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ó ṣì máa gbọ́ mi ní Ìjòkú ní aago márùn-ún. Ẹ má bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sọ fún mi bí ohùn kan bá wà níbẹ̀ tí kò mọ́.