Ọ̀dà Inú Gáàsì Igi

Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ ní Ìbẹ̀fun, tàbí ní ìletò Ìjẹ̀bú yòówù, tí kò mọ̀ pé owó epo ni ó ń jẹ èrè gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni ègé pákó, ṣùkù àgbàdo àti èèpo líle ekùrọ́ ń jó dànù lójú wa, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa yí ẹ́ńjìnnì.

Kì í ṣe àlá ni a ń rọ́. Bí a bá sé igi gbígbẹ mọ́ inú ààrò, tí a fún un ní ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí kò tó láti jó o tán, yóò tú gáàsì tí ẹ́ńjìnnì lè fi ṣiṣẹ́. Nígbà ogun Hítílà, tí epo wọ́n ní Yúróòpù, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọkọ̀ ni ó ń fi irú gáàsì bẹ́ẹ̀ rìn. (Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣì ní láti máa mu epo díẹ̀ mọ́ ọn.)

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ yìí kò fi kún ilẹ̀ wa? Ọ̀dà wà lára ohun tí ó fà á. Ohun dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná àwọn ìyá wa ni a ń wí. Bí gáàsì bá gbóná, ọ̀dà a máa bá a rìn bí oruku. Bí ó bá tutù, a dì, a lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì a sì kú. Nínú gáàsì tí ó kún àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ ọ̀dà tí ó ju 100 mílígíráàmù lọ. Ààrò tí gáàsì ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde a máa tú nǹkan bí gíráàmù 1. Èyí tí gáàsì ń gba òkè rẹ̀ jáde lè tú 50. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1995 lórí irú ẹ̀rọ kéékèèké bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, wàhálà ọ̀dà kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Àwọn kan ń fi omi fọ gáàsì náà. Gáàsì a mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi a di májèlé, ta ni yóò sì gbà kí a dà á sí odò tí ará Ìbẹ̀fun ń pọn?

Ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí a fọ́ ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ sí gáàsì tí ẹ́ńjìnnì lè jó. Nickel ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọ́n, èédú àti imí ọjọ́ sì máa ń tètè bà á jẹ́. Òkúta ẹfun tí a ti sun ń ṣe é pẹ̀lú, bí ooru rẹ̀ bá tó 800 sí 900 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń rún, a sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Láti 1960 ni a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti ara òkúta ẹfun ní Ewékorò, àti láti 1978 ní Ṣàgámù. Ààrò sìmẹ́ńtì ní eruku tirẹ̀, ilé ìyọ́rin sì ní ìdàrọ́ irin. Àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan báyìí wò ní òkè òkun, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń fọ́ ọ̀dà, bí agbára wọn kò tilẹ̀ tó ti nickel.

Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ògijo, níbi tí a ti ń yọ́ bátìrì àtijọ́, ọ̀rọ̀ òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú di ariwo ní 2025. Ẹni tí ó bá bu ìdàrọ́ òjé sínú ààrò gàrí ti gbé ikú wọlé. Kò gbọdọ̀ sí eruku tàbí ìdàrọ́ kan tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wa láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò fún òjé.

Nítorí náà a ń bẹ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pé kí ó má ṣe ra ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún láti òkè òkun, kí ó wá fi wọ́n sílẹ̀ fún ìpáta. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó gbé sí Ìbẹ̀fun. Kí àwọn ẹnjiníà Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta àti ti Olabisi Onabanjo fi eruku Ewékorò àti ti Ṣàgámù dán an wò fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n ka ọ̀dà tí ó kù nínú gáàsì, kí wọ́n sì kéde iye rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún àwọn tí yóò lò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni eruku náà ni kí ó san owó àyẹ̀wò. Abẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí a sì gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí, kì í ṣe inú yàrá, nítorí gáàsì tí ń yí ẹ́ńjìnnì yìí ń pani, kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá sùn tì í.